Ọjọ́ Tí Mùsílímátù Kúrò Lórí Ìlà

Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ka èèyàn ti na ọwọ́ láti kan orí Mùsílímátù, "oókan" sì ti wà lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí obìnrin náà tún ìró rẹ̀ ró, tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, tó sì la àárín pápá ilé ẹ̀kọ́ kọjá. Kò sáré. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó lọ dúró sẹ́yìn ẹni tó gbẹ̀yìn lórí ìlà Mobọ́lájí Fẹ̀hìntọlá, ó sì gbé àpò rẹ̀ há abíyá.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ojú ló tàn án.

"Ìyá, ibí ni àwòrán àbúrò yín wà o," ẹnì kan pè é.

Kò kúrò níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Pápá náà dákẹ́ débi pé èèyàn ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́.

Abẹ́ igi máńgòrò ni Kàmọ́rù Sàlàkọ́ jókòó sí pẹ̀lú àwọn àgbà ẹgbẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ṣojú rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ń ṣojú àwọn abúlé etí ọ̀sà wọ̀nyí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá, ó sì fẹ́ padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yan ẹni tí yóò dupò lórúkọ wọn, láàárín òun àti Fẹ̀hìntọlá. Kò sí ìwé ìdìbò, kò sí àpótí. Oníkálukú ń tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó bá wù ú, ní gbangba, lójú oòrùn. Kò sí wọ́ọ̀dù tó ń ba Kàmọ́rù lẹ́rù, pàápàá Ìdí-Àgbọn tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dúró níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì tó ti kọjá, bí Mùsílímátù bá ti dúró, gbogbo obìnrin abúlé á tò tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Kàmọ́rù kì í ṣe olè. Òun ló jà títí wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn sí Ìdí-Àgbọn, funfun báláú, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lára ògiri. Tí kò bá wá sí nọ́ọ̀sì nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nìkan. Aṣòfin lè fi ilé sínú ìwé ìṣúná, àmọ́ kò lágbára láti fa nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń pín nọ́ọ̀sì ló lágbára ìyẹn, ọdọọdún ni wọ́n sì ń sọ fún un níbẹ̀ pé ó ti kù díẹ̀. Ohun tó ń ṣe Kàmọ́rù ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń délé sọ pé nǹkan kò rí bí òun ṣe rò. Ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fajú ro lọ́dọ̀ òun. Ìrètí ló fi ń sin àlejò lọ sílé.

Wọ́n kà á tán. Igba ó lé mọ́kànlá tò sẹ́yìn Kàmọ́rù, ogójì tò sẹ́yìn Fẹ̀hìntọlá. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, ìròyìn ti dé láti àwọn wọ́ọ̀dù yòókù pé Kàmọ́rù náà ló mókè níbẹ̀. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń kọrin.

"Ọnọrébù, ìbò kan ṣoṣo ni," Adélàjà, akọ̀wé rẹ̀, rọra sọ sí i létí. "Ẹ jẹ́ ká gbójú kúrò níbẹ̀."

Kàmọ́rù ń rẹ́rìn-ín fáwọn èèyàn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá wọn kú, Mùsílímátù jẹ́ mẹ́tàlá. Obìnrin yìí ló pọ̀n ọ́n. Ẹja yíyan tó ń gbé lọ sí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ló fi rán an nílé ìwé, títí dé yunifásítì. Ká ní gbogbo wọ́ọ̀dù ló kọ̀ ọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan sì dúró tì í, ì bá lè fara dà á.

Ó yọ́ kúrò láàárín wọn. Ẹ̀yìnkùlé ilé Mùsílímátù ló ti bá a, nídìí ààrò, tó ń yí ẹja.

"Kàmọ́rù," ni Mùsílímátù wí, láìgbójú sókè. "Wọ́n ní o ti mókè. Ọlọ́hun á jẹ́ kó tura fún ẹ."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí eérú. "Àǹtí, tí mo bá ṣẹ̀ yín, ṣebí ẹ̀ bá pè mí wọ yàrá kẹ́ ẹ bá mi wí. Kí ló dé tó fi jẹ́ lójú gbogbo ayé?"

"Dìde, aṣọ ẹ ń dọ̀tí."

Ó dìde. "Àbí Fẹ̀hìntọlá fún yín ní nǹkan ni?"

Ó kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà kó tó tán lẹ́nu rẹ̀. Mùsílímátù wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò bínú, àánú ló wà lójú rẹ̀.

"Ṣé o rántí Bísọ́lá?"

"Ìyàwó Zikrullah ọlọ́kọ̀. Ẹni tó kú sójú omi pẹ̀lú oyún." Báwo ni ò ṣe ní rántí? "Mo sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ní Àbújá, Àǹtí. Gbogbo ilé ló dìde dúró fún un."

"A wò ó lórí fóònù. O sọ ọ́ dáadáa." Ó yí ẹja méjì. "O mọ̀ pé tí oyún bá ti wọ oṣù kẹsàn-án, àwọn obìnrin wa kì í dúró síbí. Wọ́n á sọdá lọ bá ẹbí nígboro tí dókítà wà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ìyá Bísọ́lá ń gbé ní Ìgbògbò. Ọmọ yẹn ti di ẹrù. Ó wá dágbére fún mi, ibi tó o dúró sí yẹn gan-an. Èmi ni mo ní kó lọ tú ẹrù ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Mo ti pè ọ́ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́? O ní, 'Àǹtí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.' Èmi náà fọkàn balẹ̀. Mo sọ fún Bísọ́lá pé kí ló fẹ́ lọ máa há mọ́ ìyá ẹ̀ ní Ìgbògbò fún, nígbà tí àbúrò mi ti ní wọ́n ń bọ̀? Ó ní 'Ẹ ṣeun, Ìyá.' Ó gbẹ́rù ẹ̀ padà sílé."

Kàmọ́rù ń gbọn eérú kúrò láyà aṣọ rẹ̀.

"Ọjọ́ kọkànlá ni ìrọbí mú un. Itan mi ló gbórí lé nínú ọkọ̀. A ti ń rí òrùlé Ọjà Olúwo lọ́ọ̀ọ́kán."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Zikrullah ò mọ̀. Ó ṣì ń gbé ẹja mi sọdá lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní torí pé mo ṣe ìyá fún ìyàwó òun." Ó ti igi wọ inú ààrò. "Láàárọ̀ yìí, mo dúró sẹ́yìn àwòrán ẹ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àwọn ọmọbìnrin tó tò tẹ̀ lé mi. Mẹ́ta ló lóyún. Mi ò lè dúró níwájú wọn mọ́."

Kàmọ́rù jókòó sórí àpótí ìjókòó tó wà nídìí ààrò. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní pápá. Ó ń wá ìpè yẹn nínú orí rẹ̀. Bóyá ìpàdé ló wà nígbà yẹn, bóyá pápákọ̀ òfurufú, bóyá ẹnì kan ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa Bísọ́lá ní Àbújá wà lórí rẹ̀ látòkè délẹ̀, títí kan ibi tí ohùn rẹ̀ ti gbọ̀n. Ti ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dì mú.

"Àǹtí," ó ní, "mi ò rántí."

"Mo mọ̀," ni Mùsílímátù wí, ó sì ń yí ẹja tó kù.