Ègbè Orí Afárá Pákó

Páànù kọ́ńkéré àkọ́kọ́ ti gun orí Jàmíù kí ohùn Tàjùdéèn tó jáde. Ó wúkọ́, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún ọ̀fun ṣe, ó wá gun orí òkìtì búlọ́ọ̀kù tó máa ń dúró lé, ó sì ké e síta: "Òkè là ń lọ o!" Láti ìdí òkìtì yanrìn títí dé orí afárá pákó tí wọ́n fi ń gun òkè ilé, ogójì èèyàn dá a lóhùn: "À ń bọ̀, ẹ dúró dè wá." Ẹsẹ̀ wọn gbéra. Ẹ̀rọ tó ń po kọ́ńkéré ń yí, ó ń tu èéfín dúdú, aago méje àárọ̀ kò sì tíì lù ní Ìkaté.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Tí àwọn Tàjùdéèn bá fẹ́ da dẹ́kìn, ìyẹn kọ́ńkéré tí wọ́n ń tẹ́ pẹrẹsẹ tó máa ń jẹ́ àjà fún àwọn ará ìsàlẹ̀, tó sì máa ń jẹ́ ilẹ̀ fún àwọn ará òkè, orin ni wọ́n fi ń dà á. Tàjùdéèn ló ń lé e, àwọn tó ń ru páànù ló ń gbè é, ègbè yẹn ni ẹsẹ̀ wọn sì ń tẹ̀ lé. Lílé náà, òun ló ṣe é fúnra rẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, lọ́dún tí ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Ègbè ní tirẹ̀, àwọn obìnrin ìdí yanrìn ló fi sí i. Kò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ó ṣáà bá ẹsẹ̀ mu.

Ṣùgbọ́n dẹ́kìn tòní kì í ṣe ti eré. Ẹnjiníà Olúdélé, ẹni tó gba iṣẹ́ ilé náà, ti pe Tàjùdéèn sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní gbogbo ilé tuntun tó wà lójú ọ̀nà ẹ̀kísípírẹ́sì, láti ibí títí dé Ajah, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa kọ́ńkéré sókè báyìí, ẹ̀rọ kì í sinmi, kì í sì í kọrin. Ó ní òun á fi àjà kan ṣoṣo yìí dán wọn wò. Bí wọ́n bá parí rẹ̀ lóòjọ́, dẹ́kìn méjì tó kù nínú ilé náà, tiwọn ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dáwọ́ dúró lágbedeméjì, tí apá kan gbẹ kí ìyókù tó bá a, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé á máa jo omi títí ayé nìyẹn. Ẹ̀rọ ni yóò wá ṣe èyí tó kù, kí oníkálùkù wá ibòmíràn gbà. Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ìyẹn? Ẹnu Tàjùdéèn ló yá. Ó ní, "Ẹnjiníà, kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, a ó ti parí." Bẹ́ẹ̀ Ẹnjiníà ò tiẹ̀ bi í ní aago kankan.

Ó ti rẹ Tàjùdéèn kí ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Addo ló ń gbé, yàrá kan tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tẹ́lọ̀, àti ìgbà tí wọ́n sì ti ń wú ọ̀nà ẹ̀kísípírẹ́sì náà láti fẹ̀ ẹ́ lójú, ìrun Àsùbáà kì í bá a nílé mọ́. Eruku ọ̀nà ti jókòó sí i lọ́fun. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, kí ló tún fẹ́ kó máa ṣe é? Ṣùgbọ́n nígbà tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀, ẹni tó ni ilé náà mú àlejò méjì wá. Wọ́n gbọ́ orin, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà tiẹ̀ yọ fóònù jáde, ó ń yà wọ́n. Ara Tàjùdéèn yá gágá. Àárẹ̀ fò lọ. Ó mú orin náà yára.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òun àti Sìmbíátù ti dà rú. Sìmbíátù, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Rùká, ni aṣáájú àwọn elégbè. Ará Ìwó ni, kò ga, kò sanra, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Tàjùdéèn bá ti lé orin, òun ló máa ń kọ́kọ́ mú ègbè, àwọn yòókù á wá bọ́ sí i. Lọ́jọ́ yìí, bí Tàjùdéèn ṣe ń sáré ni Ìyá Rùká ń fà á sẹ́yìn. "À ń bọ̀" á yá díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá kan "ẹ dúró dè wá", á fà á, á fà á títí. Tàjùdéèn á ti ṣetán láti lé òmíràn, ègbè ọ̀hún kò ní tíì tán lẹ́nu wọn.

Ó pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kó kúrò lórí ìlà, kó lọ máa bu omi sí ẹ̀rọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni wọ́n máa ń gbé irú iṣẹ́ yẹn fún, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Rùká sọ páànù rẹ̀ kalẹ̀. Kò jà, kò sì bẹ̀bẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ti pẹ́ jù lórí òkìtì yẹn," ló sọ, ó sì kọjá lọ síbi omi.

Tàjùdéèn kà á sí àfojúdi gbáà. Jàmíù, tó lágbára jù nínú wọn, ló ní kó máa mú ègbè, ègbè náà sì wá ń yá wàràwàrà bó ṣe fẹ́ ẹ. Wákàtí méjì gbáko, ohun gbogbo dùn ún wò. Nígbà tí yóò fi di àsìkò ìrun ọ̀sán, dẹ́kìn náà ti kọjá ìdajì. Tàjùdéèn ń rẹ́rìn-ín sínú, ó ń fọkàn yàwòrán ojú Ẹnjiníà.

Lẹ́yìn ìrun ni ègbè bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ láti kọrin, èémí ni kò sí. Ọkùnrin kan á dákẹ́, obìnrin kan á kàn máa la ẹnu lásán. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ àti àwọn tó ń gòkè wá ń pàdé níbi tó há lórí afárá, páànù ń kọ lu páànù, ẹnì kan ṣépè. Tàjùdéèn gbé ohùn sókè sí i. Ohùn náà ti ha, ó ń dun òun fúnra rẹ̀ létí, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ó ń lé e, ó ń wo ọ̀nà bóyá mọ́tò Ẹnjiníà ń bọ̀, ó tún ń lé e. Bẹ́ẹ̀ ni Jàmíù ṣubú.

Kò jábọ́ láti òkè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún rẹ̀ ló yẹ̀ láàárín afárá, páànù dojú dé, kọ́ńkéré bo pákó, gbogbo ìlà sì dúró. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tí èèyàn bá kí i kú àárẹ̀, ó máa ń bínú, òun ló jókòó sórí pákó tó ń mí hẹlẹhẹlẹ yìí. "Ó rẹ̀ mí, Ọ̀gá," ló ń sọ. "Ó rẹ̀ mí ni."

Ìgbà yẹn ni Tàjùdéèn tó mọ̀ pé òun nìkan ló ṣì ń kọrin.

Ojú tì í. Nítorí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí i rí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún ní Ìsẹ́yìn, òun ni adárin ẹgbẹ́ oníwéré àdúgbò wọn, àwọn tó ń fi orin jí èèyàn jẹ sààrì nínú ààwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọdún ìtúnu ààwẹ̀, wọ́n bá ẹgbẹ́ mìíràn díje ní pápá ilé-ìwé. Èrò hó, ó sáré. Wọ́n tún hó, ó tún sáré sí i. Ó ti kọrin lọ jìnnà kó tó bojú wẹ̀yìn, tó rí i pé àwọn elégbè òun ti dákẹ́, wọ́n kàn ń wò ó bí ìgbà tí èèyàn ń wo mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ ti já. Wọ́n pàdánù. Bàbá Ọláníyan tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ kò bá a jà. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, ó kàn bi í ní ìbéèrè kan:

"Nígbà tí o ò gbọ́ wa mọ́, kí lo rò pé à ń ṣe?"

Tàjùdéèn ní òun rò pé ohùn òun ló bo tiwọn mọ́lẹ̀. Bàbá náà mi orí, ó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ń lọ. Ọdún márùndínlógójì rèé. Tàjùdéèn ti rò pé òun ti gbàgbé.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkìtì búlọ́ọ̀kù. Àwọn bíríkìlà tó wà lókè ń ké pé etí kọ́ńkéré tí àwọn tẹ́ kẹ́yìn ti ń le, pé bí àwọn kò bá rí òmíràn láìpẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ibi omi ló gbà lọ.

"Ìyá Rùká," ó ní, ohùn ò fẹ́ jáde. "Kí ló dé tí o fi ń fà á?"

Ìyá Rùká gbé garawa ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò ó bíi pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Ẹni tó wà nídìí afárá kò gbọdọ̀ gbéra títí ẹni iwájú á fi kan òkè," ló sọ. "Àwa tí a wà nísàlẹ̀ ò lè rí i. Ègbè la fi ń mọ̀. Tí ẹni tó wà lókè bá ti dé, á pa á dé, àwa náà á pa á dé, a ó wá gbéra."

"Àti ìgbà wo?"

"Àti ìgbà tí a ti ń kọ ọ́ ni, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń lé e, àwa là ń rù ú."

Tàjùdéèn bojú wo òkìtì búlọ́ọ̀kù náà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dúró lórí òkìtì, tó ń wo afárá yẹn láti ẹ̀gbẹ́, tó ń fi orin lé èèyàn gòkè, páànù kan ò sì gun orí òun alára láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá. Ó yíjú pa dà, ó mú páànù Jàmíù tí wọ́n ti gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá, ó ká aṣọ kan, ó fi ṣe òṣùká.

"Ẹ máa lé e," ó wí fún Ìyá Rùká.

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ohùn mi ti lọ."

Òótọ́ ni pé ohùn rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ohùn. Ìyá Rùká fi ìdí ìró nu ọwọ́.

"Tí mo bá lé e, a ò ní parí kí wọ́n tó pe Alásárì."

"Mo mọ̀," ni Tàjùdéèn wí.

Ìyá Rùká kò gun orí òkìtì kankan. Inú ìlà ló wà, tòun ti páànù lórí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn ní láti dákẹ́ kó tó gbọ́ ọ. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n gbè é. Ìlà tún gbéra, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, àwọn tó ń sọ̀ ń sọ̀, àwọn tó ń gòkè ń gòkè. Àwọn bíríkìlà rọ omi sí etí tó fẹ́ le náà, wọ́n fi tuntun bá a, ó sì gbà á. Jàmíù mu omi, ó sinmi díẹ̀, ó pa dà wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Páànù ọ̀hún wúwo ju bí Tàjùdéèn ṣe rántí rẹ̀ lọ. Omi kọ́ńkéré ń ro sí i lọ́rùn, ó ń ta á. Lẹ́yìn ìlọ márùn-ún, kò ronú nípa ẹ̀rọ mọ́, kò ronú nípa Ẹnjiníà. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ nìkan ló kù tó ń rò.

Wọ́n pe Alásárì ní mọ́ṣáláṣí Ìkaté, Ẹnjiníà Olúdélé sì dé. Ó wo orí òkìtì búlọ́ọ̀kù, kò rí ẹnì kankan. Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tàjùdéèn gan-an kó tó dá a mọ̀. Ó béèrè pé ta ló wá ń darí wọn, Tàjùdéèn sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí Ìyá Rùká. Ẹnjiníà ní ṣebí Alásárì ni wọ́n sọ. Tàjùdéèn ní ẹnu òun ló yá, pé òun ṣì í sọ, pé wọ́n á ṣáà parí lónìí. Ẹnjiníà gòkè lọ wo ojú kọ́ńkéré náà, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá parí lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn kò yí pa dà. Ó wá jókòó sórí òkìtì búlọ́ọ̀kù, ó ń wò wọ́n.

Nígbà tí oòrùn fi rẹ̀, ó ku igun kan ṣoṣo, kò ju páànù mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ó ku mẹ́ta. Èyí tó kẹ́yìn bọ́ sórí Tàjùdéèn.

Ìyá Rùká ti wà lókè. Ó lé e láti ibẹ̀: òkè là ń lọ o. Tàjùdéèn gun afárá. Ó dé àárín, ibi tí Jàmíù ti ṣubú lọ́sàn-án. Ó dúró. Gbogbo ara rẹ̀ kọ̀. Ó fẹ́ pe ẹnì kan kó gbà á lórí òun, kò sí ohùn, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ni ègbè tó ti ń gbè láti ọ̀sán: à ń bọ̀, ẹ dúró dè wá.

Ìgbà yẹn ló gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń sọ ọ́ sí i létí lójoojúmọ́, kò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀, ogójì èèyàn di ègbè náà mú. Wọ́n fà á, wọ́n fà á, kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó yára. Ó mí. Ó ṣí ẹsẹ̀ kan, ó ṣí èkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan òkè, Ìyá Rùká sì gba páànù náà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó pa ègbè dé.