Àwo Tí Lesiba Kò Gbé Jáde

Ọdún mọ́kànlélógún ni Mahlodi fi ń gbọ́ orin jáàsì láti ilé ìdáná. Bí ìpàdé ẹgbẹ́ olólùfẹ́ jáàsì bá yí kan ilé wọn ní Mamelodi, ní Gúúsù Áfíríkà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, òun ni yóò se ṣàkì, òun ni yóò ro túwó àgbàdo, òun ni yóò po omi atalẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjìlá inú ẹgbẹ́ náà yóò sì jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú bàtà aláwọ̀ méjì tó ń kọ mọ̀nà, wọn yóò máa jiyàn: ta ló ni orin, ṣé akọrin ni àbí onílù?

Lójú Sebothoma, alága wọn, ẹjọ́ yẹn ti parí tipẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í sì í bọ́ sílẹ̀. Akọrin lọba. Lindelwa Tyhali ló fẹ́ràn jù, obìnrin tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bí omi orísun. Onílù ńkọ́? "Ẹrú tó ń ru ẹrù tẹ̀lé ọba ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Lesiba, ọkọ Mahlodi, á sì máa mi orí.

Ṣùgbọ́n Mahlodi ní onílù tirẹ̀. Skhova Ndaba ni orúkọ ọkùnrin náà. Nínú àwo orin kan tí Mahlodi ti ní kó tó lọ́kọ, Ndaba fi ọwọ̀ onírin tí àwọn onílù jáàsì ń lò dípò ọ̀pá lu ìlù fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gbáko, kò sí akọrin, kò sí fèrè. Á rọra máa gbá awọ ìlù bí ẹni ń gbá àgbàlá láàárọ̀, á dákẹ́, àfi gbàù! Ọkàn ẹni á fò sókè. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí ìpàdé bá wà nílé ẹlòmíràn, tí oníkálukú ń gbé àwo tirẹ̀ lọ fi sí i, ni Mahlodi ń ti àwo yìí bọ inú báàgì ọkọ rẹ̀. Bí Lesiba bá dé, á bi í:

"Bàbá Tumelo, ṣé ẹ fi tèmi sí i?"

"Àyè ò tó lónìí, ìyàwó mi. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lesiba kú nínú òtútù oṣù keje. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Sebothoma àti Mphela, ọ̀rẹ́ olóògbé, wá bá opó nílé.

"Ìyá Tumelo," Sebothoma bẹ̀rẹ̀, "àwọn àwo Lesiba yẹn, ẹgbẹ́ ló yẹ kó máa tọ́jú wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ohun tí obìnrin fẹ́ fi wọ́n ṣe."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ẹ má bínú o, mo kàn ní..."

"Alága, màá kó wọn wá lọ́jọ́ Àìkú. Èmi fúnra mi. Màá sì jókòó sórí àga ọkọ mi."

Sebothoma rẹ́rìn-ín bí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Mphela ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí alága ti bọ́ síta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Àwo Ndaba yẹn, Lesiba ò yọ ọ́ nínú báàgì rí. Kì í ṣe pé àyè ò tó. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ pé ìyàwó òun ló ń yan orin fún òun, wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́."

Mahlodi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ọjọ́ ìsìnkú, ó sunkún. Lọ́jọ́ yìí, omijé ò wá. Inú ló bí i, inú bí i sí òkú tó fẹ́ràn, kò sì mọ ibi tí yóò gbé ìbínú náà sí. Ó wọlé lọ bá fọ́tò Lesiba lára ògiri.

"O jẹ ṣàkì mi," ó ní, "o wá ń tijú onílù mi."

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò pè é ní ìwọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ilé Sebothoma ni ìpàdé wà. Bí Mahlodi ṣe gbé báàgì wọlé, Mokgaetji, ìyàwó alága, na ọwọ́ sí i láti ilé ìdáná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ níbí, ọ̀dùnkún pọ̀ nílẹ̀ tá a fẹ́ bó."

"Mo ti bó ọ̀dùnkún tó, àbúrò mi."

Ó jókòó sórí àga tí Lesiba máa ń jókòó sí níbẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó gbé àwo Ndaba lé ẹ̀rọ.

"Akọrin dà?" ẹnìkan bi í.

"Kò sí."

"Hẹ̀ẹ̀! Ìyá Tumelo, ṣé ẹnìkan ń gbálẹ̀ nínú àwo yín ni, àbí etí mi ló di?"

Ilé ya ẹ̀rín. Mahlodi dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀.

"Ó ń gbálẹ̀. Mo ti gbálẹ̀ fún ogójì ọdún, mo mọ ìgbálẹ̀ tó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ò mú ọwọ̀ rí, ẹ panu mọ́."

Sebothoma dìde, ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò. "Ó tó. Orin tí ò lọ́rọ̀, ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ ni."

Mahlodi dá abẹ́rẹ́ padà. Sebothoma tún gbé e, ó sì yọ àwo náà sọ́wọ́.

"Ilé mi nìyí!"

"Ilé yín ni. Orin mi ni."

Mahlodi wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí abẹ́rẹ́ ti kúrò gan-an. Ó ń fi ọwọ́ ra igi, ó ń gbá a, ìka rẹ̀ ń sáré. Nígbà tó dé ibi ìdákẹ́jẹ́, ó dákẹ́, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Àfi gbàù! Kọ́ọ̀pù fò lórí tábìlì. Mphela ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó bọ́ sáàárín, bàtà rẹ̀ ń ha ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ṣáá, ṣáá. Mokgaetji yọjú pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, kò padà sídìí ọ̀dùnkún.

Nígbà tó parí, ọwọ́ Mahlodi ti pọ́n.

"Ẹni tó bá fẹ́ ariwo," Sebothoma ní, "kó máa lọ."

"Ẹ fún mi ní àwo mi."

Ó gbà á, ó gbé báàgì, ó jáde. Ọkùnrin mẹ́rin ló tẹ̀ lé e.

Abẹ́ igi àgbàlá Mahlodi ni wọ́n ń pàdé báyìí. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí orin ẹlòmíràn. Mphela ṣì ń fi Tyhali dí wọn létí. Sebothoma ò tíì dárí ji Mahlodi, bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ìyá Onígbálẹ̀!" Mahlodi á ní, "Alága tí ò létí, ẹ káàsán." Mahlodi náà ò tíì dárí ji Lesiba.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Mokgaetji dé, ó fi ìró bo nǹkan kan mọ́ àyà. Àwo arúgbó akọrin kan ni, tí ohùn rẹ̀ há bí ti ẹyẹ ìwò. Ó ní ọkọ òun ò jẹ́ kóun fi sí i nílé rí. Wọ́n gbé e lé ẹ̀rọ. Ohùn náà gún Mahlodi létí bí ìṣó, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ sórí itan, ó sì gbọ́ ọ títí tó fi tán.