Ẹ̀rọ Tí Kò Jẹ́ Kí Káfíńtà Mí Síta

Èémí káfíńtà kan máa ń dúró lójú oorun, ni dókítà bá ní kó lọ ra ẹ̀rọ tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Títí ọ̀sán ni káfíńtà ń dán ẹ̀rọ méjì wò, méjèèjì sì sú u.

"Mo lè mí sínú," ló wí, ó bọ́ ìbòmú kúrò. "Àtimí síta ni wàhálà. Ṣe ló ń bá mi jìjàkadì!"

Ọ̀gá tó ń tajà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, méjèèjì ló máa ń dẹwọ́ tí ẹ bá ń mí síta. Kò tíì mọ́ yín lára ni."

Ẹ̀ẹ̀kẹrin tó máa sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Inú bí aránṣọ. "Ẹ̀yin náà, ẹ fi sí imú ká wò ó."

Ọ̀gá fi í sí imú. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi ràn, ló bá já a kúrò. Ó yẹ ẹ̀rọ méjèèjì wò.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò tíì tan ibi tó ń jẹ́ kó dẹwọ́ rárá."

"Láti àárọ̀!" ni aránṣọ figbe ta. "Ọkọ mi lẹ wá ń bá wí!"

Wọ́n tan án. Àkọ́kọ́ ṣì ń fẹ́ atẹ́gùn kí káfíńtà tó mí síta tán. Èkejì ní sùúrù.

"Èyí ń dúró dè mí," ló wí. Kí aránṣọ tó bú ọ̀gá tán, ọkọ rẹ̀ ti sùn lọ fọnfọn lórí àga.