Orúkọ Ìyá Mun-seok

Ẹ ti fura, ẹ kò sì ṣì í fura: Ọ̀jọ̀gbọ́n Tak Gi-hyeon fẹ́ràn ìyìn bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn èèpo iṣu, ìyàwó rẹ̀ yóò sì kú kí ìtàn yìí tó tán.

Láti ìgbà ọmọge ni obìnrin náà ti ń la meongge ní èbúté Tongyeong. Meongge jẹ́ ẹran òkun tí kì í rìn. Ó lẹ̀ mọ́ okùn nínú òkun, ó pupa, ara rẹ̀ rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó ń mu omi, ó ń tu ú. Inú ikùn rẹ̀ ni edé kan ń gbé tí kò tó hóró ìrẹsì, tó pọn ẹyin rẹ̀ sẹ́yìn bí abiyamọ. Ilé onílé ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ń kú sí, ẹnikẹ́ni kì í béèrè orúkọ rẹ̀.

Ìyàwó ló ń ṣa àwọn edé náà sínú ìgò. Ọkọ a fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá wò wọ́n, a sì sọ irú èyí tí ayé kò tíì mọ̀ lórúkọ. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ̀kan, ó fi ti ọ̀gá rẹ̀ sọ òmíràn. Kódà, ó fi ti ọ̀rẹ́ tó ń ra ọtí fún un sọ ọ̀kan.

Ìyàwó a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Mun-seok, gbogbo ọkùnrin ìlú yìí ti wọ ikùn meongge tán. Èmi wá ńkọ́?"

"Ìyá Mun-seok, ṣe sùúrù. Tìrẹ ń bọ̀."

Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó dùbúlẹ̀, tí dókítà mirí, Ọ̀jọ̀gbọ́n rí i pé sùúrù ti tán nílẹ̀. Ó mú èyí tó lẹ́wà jù nínú àwọn edé rẹ̀, ó kọ̀wé lé e lórí, ó ń bẹ ọ̀run kí ìwé náà jáde kí obìnrin náà tó lọ. Ní ti orúkọ, ó rántí bí ìyá ìyàwó ṣe ń ké láti ilé ìdáná lọ́jọ́ ìtọrọ: "Bong-sun! Gbé oúnjẹ àlejò wọlé!" Lẹ́yìn ìgbéyàwó, "Ìyàwó" ni òun ń pè é, títí wọ́n fi bí Mun-seok tó di "Ìyá Mun-seok".

Ìwé náà bá a láyé.

"Wò ó! Bong-sun! Orúkọ tí wọ́n bá ti tẹ̀ báyìí, ọba kankan kò lè pa á rẹ́."

Obìnrin náà wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Orúkọ dáadáa ni," ó ní. "Ẹ ṣeun, Bàbá Mun-seok."

Ó kọjú sí ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹkún ayọ̀ ni.

Níbi òkú, bí àwọn àlejò ti ń mu ọbẹ̀ ẹran, ó dìde láàárín wọn, omijé ń dà á lójú, ṣùgbọ́n ó gbé àyà síta: "Bong-sun mi kò kú! Bong-sun yóò wà títí ayé!"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó lóbìnrin, tó gbé abọ́ lọ́wọ́, dúró gbagidi.

"Ẹ má pè mí mọ́ òkú o, Bàbá Mun-seok! Èmi nìyí, mo ń bu ọbẹ̀."

Ẹnì kan pòṣé.

"Èmi ni Bong-sun," ni ẹ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Bong-rye ni ìyàwó yín ń jẹ́."