Ohun Tí Mo Sọ Nípa Fẹ́sípà Fàlílù

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń tún maṣín ṣe ní Ìyànà Ìyẹsí, kò sì sí irọ́ tí mẹkáníìkì ń pa tí mi ò tíì pa. Mo ti sọ pé púlọ́ọ̀gì ti kú nígbà tí nǹkan kan ò ṣe é. Mo ti ní kí oníbàárà padà wá nírọ̀lẹ́ nígbà tí mi ò tíì tú nọ́ọ̀tì kan. Àwọn irọ́ yẹn ò tú ilé ẹnikẹ́ni ká. Èyí tí mo pa fún ọkọ àbúrò mi lọ́dún yìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá kà á tán tó fẹ́ bú mi, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo ti bú ara mi tán.

Fàlílù lorúkọ rẹ̀. Télọ̀ ni, yúnífọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ló sì máa ń rán jù, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàngó, kò jìnnà sí Toll Gate. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni èèyàn náà ń ṣe, tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ó ń wọn aṣọ ni. Èmi fúnra mi ni mo mú un wá bá Fàtímọ̀, ọmọ ìyá mi, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Fáìzàh, tó ń lọ ilé-ìwé báyìí. Lẹ́yìn Ìtùnú Ààwẹ̀ ló ra fẹ́sípà tòkunbọ̀ kan tí yóò máa fi kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gùn káàkiri àdúgbò wa, tí kò ní jíà, tó jẹ́ pé bọ́tìnnì lèèyàn máa tẹ̀.

Ní oṣù kẹta tó rà á ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí Fàlílù bá ti kírun Àsùbáà tán, á jáde sí àgbàlá, á tẹ bọ́tìnnì kí ẹ́ńjìnnì lè máa gbóná kó tó wọlé lọ mu ẹ̀kọ. Bó ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti rà á nìyẹn. Ó wá di pé bó bá tẹ̀ ẹ́, fẹ́sípà á dákẹ́. Á fi ẹsẹ̀ ta kíìkì títí òógùn á fi bò ó, kò ní jí. Á wá tì í láti ilé wá sí ṣẹ́ẹ̀dì mi. Èmi á gbé e sórí sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì bí mo ṣe máa ń gbé gbogbo maṣín, màá tẹ bọ́tìnnì, á jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.

Mo ṣiṣẹ́ lé e lórí o, ẹ má ṣe rò pé mo kàn ń wò ó. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀. Mo tú kabúrétọ̀, mo fẹ́ gbogbo ihò ara rẹ̀. Mo tọ wáyà láti ìdí bátìrì títí dé ibi kọ́kọ́rọ́. Ohun gbogbo wà bó ṣe yẹ kó wà.

Ọjọ́ Àtàláátà ló gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn ọlọ́kadà méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró kí n bá wọn tún ṣéènì ṣe. Fẹ́sípà jí lójú wọn bí ìṣe rẹ̀. Fàlílù ò yọ̀. Ó wò mí lójú.

"Bọ̀dá Rauf, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú ilé mi nìkan ni kì í ti í jí?"

Mi ò mọ̀. Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà méjì yẹn ń wo ẹnu mi, mo sì ti ń pe ara mi ní ọ̀gá láti ọjọ́ pípẹ́.

"Bàbá Fáìzàh," mo ní, "èyí kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́. Ẹ lọ wo inú ilé yín dáadáa."

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà mi orí, ó ní ayé le. Fàlílù dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gun fẹ́sípà rẹ̀ lọ.

Gbogbo àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí la máa ń sọ ọ́. Bí maṣín bá ti pin wá lẹ́mìí, àwọn ayé la máa ń gbé e fún. Oníbàárà náà á sì gbà, torí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó ní ọ̀tá ju kó ní mẹkáníìkì tí kò mọṣẹ́. Mo ti sọ ọ́ fún èèyàn bí ogún, wọ́n ti lọ gbààwẹ̀, wọ́n ti lọ sí orí òkè àdúrà, wọ́n padà wá, mo bá wọn pààrọ̀ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ tán. Mi ò ronú lé e lórí rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí mi ò rí Fàlílù. Inú mi dùn, mo rò pé fẹ́sípà náà ti gbọ́. Ní ọjọ́ Àlàmísì kan, Fàtímọ̀ yọ sí mi ní ṣẹ́ẹ̀dì. Mo nu bẹ́ǹṣì fún un, kò jókòó.

"Bọ̀dá mi, Bàbá Fáìzàh ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Wọ́n ní èmi ni mo ń di fẹ́sípà lọ́wọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dùn ún wò. "Ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán, pé kí wọ́n wo inú ilé wọn. Wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ Áfáà kan lọ. Áfáà ní ẹni tó ń gbé omi àlùwàlá fún wọn láàárọ̀ ni. Bọ̀dá mi, ta ló ń gbé omi àlùwàlá fún wọn bí kì í bá ṣe èmi?"

Mo mú àkísà, mo ń nu ọwọ́ tó ti mọ́.

"Wọ́n ti pe gbogbo ẹbí wọn lórí fóònù, wọ́n ti sọ fún wọn. Ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n máa dá mi padà sílé wa ní Àtàn. Wọ́n ní Fáìzàh ò ní bá mi lọ." Ó nawọ́ sí àpò sípánà mi. "Ẹ wá bá mi wo fẹ́sípà náà. Tí ẹ bá lè fi nǹkan tó ń ṣe é hàn wọ́n, wọ́n á gbà. Wọ́n fọkàn tán yín gan-an."

Mo mọ ẹni tó sọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pátákó ṣẹ́ẹ̀dì mi tó wà lókè orí àbúrò mi níbi tó dúró sí yẹn. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi, ọrùn ẹlòmíràn ló lọ bà lé. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún un. Mo la ẹnu, mo ní kó máa lọ sílé, pé màá dé láàárọ̀ kùtù.

Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, fẹ́sípà wà lábẹ́ igi máńgòrò inú àgbàlá. Fàlílù jáde, a kíra bí àna ṣe ń kíra. Ó ní kì í tilẹ̀ jí mọ́ rárá, ì báà jẹ́ nínú ilé, ì báà jẹ́ níta. Èyí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Mo fa páìpù epo yọ, mo gba epo díẹ̀ sínú ike omi kan tó gbẹ, tó mọ́ gaara, mo gbé e sójú oòrùn. Epo léfòó sókè, omi wà nísàlẹ̀, omi náà sì dúdú díẹ̀.

"Bàbá Fáìzàh, kí lẹ dà sínú táǹkì?"

Ó wolẹ̀. "Hàńtú ni. Áfáà kọ Kùránì sára wàláà, ó fọ̀ ọ́ sínú ìgò fún mi. Ó ní kí n mu díẹ̀, kí n fi ìyókù pa fẹ́sípà lára. Mo wò ó pé bí nǹkan bá wà nínú rẹ̀, inú náà ló yẹ kí n dà á sí. Jímọ̀ mẹ́ta ni mo ti ń ṣe é."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ló kọ́ mi ní Kùránì, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò mọ omi hàńtú yàtọ̀ sí omi òjò. Mo tú táǹkì sílẹ̀, mo fi epo tuntun ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo fẹ́ kabúrétọ̀, mo sá púlọ́ọ̀gì sóòrùn. Mo to gbogbo rẹ̀ padà. Mo gbé e sórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, mo tẹ bọ́tìnnì, ó jí. Fàtímọ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná, ó fọwọ́ bo ẹnu. Fàlílù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi ò sí nínú táǹkì nígbà àkọ́kọ́ tó kọ̀ tí kò jí, mo sì ti ṣe mẹkáníìkì burúkú tó lọ́dún yìí. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo bi Fàlílù bó ṣe máa ń gbé e dúró sílé. Ó fi ẹsẹ̀ ta sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wálẹ̀, ó jẹ́ kí fẹ́sípà fi ara tì í. Mo tẹ bọ́tìnnì. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ta kíìkì, kò dáhùn. Mo gbé sítáǹdì yẹn sókè, mo tẹ̀ ẹ́, ó jí. Mo ta á wálẹ̀ padà, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Súwíìsì kékeré kan wà nídìí sítáǹdì náà, kò ju èékánná lọ, wáyà méjì jáde lára rẹ̀. Àwọn tó ṣe fẹ́sípà fi í síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé sítáǹdì nílẹ̀ kó sì máa gùn ún lọ. Àwọn ọ̀kadà tí mo fi kọ́ṣẹ́ ò ní irú ẹ̀, mi ò sì wá a rí.

Mo pe àwọn méjèèjì. Mo fi hàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Sókè, ó jí. Wálẹ̀, ó kú. Níta, orí fẹ́sípà ni Fàlílù ti máa ń tẹ bọ́tìnnì, ó ti gbé sítáǹdì sókè kó lè máa lọ; ilé nìkan ló ti ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe dúró.

"Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹlẹ́sẹ̀ kan yìí?" mo bi Fàlílù.

Fàtímọ̀ ló dáhùn. "Ìgbà tí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbé e sórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ́jọ́ tó bá ń ro wọ́n, pé ó ti wúwo jù."

Mo rò pé ó ti parí. Mo ti ń kó sípánà mi sínú àpò. Fàlílù ò kúrò níbi tó dúró sí, ó ń wo súwíìsì yẹn.

"Rauf, lọ́jọ́ Àtàláátà yẹn, ta ló sọ fún mi pé kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì?"

"Èmi ni."

"Ta ló ní kí n lọ wo inú ilé mi?"

"Bàbá Fáìzàh, ojú ló tì mí. Mi ò mọ irú fẹ́sípà yìí, àwọn ọlọ́kadà sì jókòó tì wá. Irọ́ ni mo pa."

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ àbúrò mi, ẹ̀yin ló ń pè mí. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ di ìwọ.

"O purọ́ fún mi nítorí ọlọ́kadà méjì. Lónìí, ọmọ ìyá rẹ ló fẹ́ kó ẹrù jáde, o wá ní òótọ́ lò ń sọ. Ẹni tó lè purọ́ nítorí ọlọ́kadà, kí ni kò ní lè ṣe nítorí ọmọ ìyá rẹ̀?"

Ká ní èmi ni òun ni, ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn. Fàtímọ̀ yí ojú sí mi.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin ni ẹnì kan yẹn?"

Kò sunkún. Ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.

Fàlílù lọ kírun Jímọ̀, ó sì padà dé. Èmi ò lọ síbì kankan, mi ò sì lè sọ ohun tí mo ń dúró dè. Fáìzàh wà nílé-ìwé, wọn ò jẹ́ kó dé kí ìyá rẹ̀ tó lọ. Fàtímọ̀ gbé báàgì Gáná-mọ́sì-gò kan jáde, Fàlílù fi rọ́bà dè é mọ́ iwájú fẹ́sípà. Ó ní òun á gbé e dé ibi tó ti máa wọ ọkọ̀ Àtàn. Ó jókòó. Kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, ó fi ìka ẹsẹ̀ wá sítáǹdì, ó gbé e sókè dáadáa, ó tún wolẹ̀ kó lè dá a lójú pé ó ti wọlé. Ó wá tẹ̀ ẹ́. Fẹ́sípà jí.

Ó gbà mí gbọ́. Láti àárọ̀ ló ti gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún gbogbo ẹbí rẹ̀ pé ìyàwó òun ni, kò sì lè padà lọ sọ fún wọn pé sítáǹdì ni. Ojú tì í, bí ojú ṣe ti èmi náà.

Fàtímọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe rí i. Ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó wá kọjú sí mi.

"Ẹ má tẹ̀lé mi wá sí Àtàn, Bọ̀dá mi. Màámi máa bi mí pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa dárúkọ yín lójú yín."