Ṣóńṣó Etí Òsì

Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ má bẹ̀ mí.

Ọ́fíìsì ẹran ọ̀sìn ní Àrámọkọ ni èmi Adéjọkẹ́, dókítà ẹran, ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ológbò kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Àwọn ológbò tí kò sẹ́ni tó ni wọ́n kún sítọ́ọ̀ kòkó kan ní Ìdó-Ilé, wọ́n ń bímọ lérí ọmọ. Bàbá Bánkọ́lé tó ni sítọ́ọ̀ náà fẹ́ po oògùn kòkó mọ́ ẹja fún gbogbo wọn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní màá tẹ àwọn akọ lọ́dàá, màá yọ ilé ọmọ àwọn abo, wọn ò ní pọ̀ sí i mọ́, wọn á sì máa pa eku fún un. Kíá ló gbà. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó kọ mí lóminú.

Oògùn tó ń mú ẹran sùn kò tó nǹkan. Ọ̀gá mi ní oríléeṣẹ́ sọ pé ti màlúù nìkan ni ìjọba ń rà. Ìṣẹ́kù ìdí ìgò ni mo ń ṣà jọ, òwú ìránṣọ ni mo ń sè kí n tó fi rán ikùn wọn, lọ́jọ́ Sátidé tó yẹ kí n sinmi. Èyí tí mo bá ti ṣe, màá gé ṣóńṣó etí òsì rẹ̀, kí n má baà tún la ẹni tí mo ti là.

Nígbà tó yá, n kò rí ẹlẹ́tí gígé kankan mọ́. Mo bi àwọn obìnrin tó ń sá kòkó, wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Sátidé kan, mo ti rán ikùn abo dúdú kan tán, etí ló kù. Bàbá Bánkọ́lé ń bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ẹ gé e kó hàn, dókítà," ló wí. "Gbogbo ulé mi ló mọ̀ pé èyí tí ẹ bá gé létí ló lọ́ràá jù lọ́bẹ̀."

Mo bi í pé ṣé jíjẹ ló ń jẹ wọ́n. Ojú kò tì í, ó yà á lẹ́nu ni. Ó ní òbúkọ tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dàá ńkọ́, ṣebí kó lè sanra fún ọdún ni? Kí ló tún lè mú ènìyàn tẹ ẹran lọ́dàá? Ó ní òun tilẹ̀ ti dúpẹ́ lórúkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Gbogbo Sátidé mi, gbogbo oògùn tí mo ṣagbe, ikùn bàbá yìí ni wọ́n wọ̀.

"Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, bàbá. Ẹ jáde fún mi."

Ó ní sítọ́ọ̀ òun ni.

"Ẹ jáde."

Ó jáde, ó ń kùn. Mo fi abẹ sílẹ̀. Ológbò náà ṣì ń sùn, etí rẹ̀ méjèèjì pé. Bí mo bá tún mú un lọ́jọ́ mìíràn, n kò ní dá a mọ̀ láàrin àwọn dúdú yòókù. Màá tún la ikùn rẹ̀ lásán, màá fi oògùn tí n kò ní ṣòfò. Kí ológbò náà bínú sí mi nígbà náà. Á kúkú wà láàyè tí yóò fi bínú.