Báráńdà Ìbídùn

Ó ti pẹ́ tí Ìbídùn, tíṣà ará Ìkìrun, àti Bilkisu, ìyàwó Àlàájì Àbdùlsàlámì tó ń ta ọkà ní ọjà Ipata, ti jọ ń gbé ilé kan náà ní Ṣàngó, yàrá kọjú sí yàrá. Inú ilé yẹn ni ọkọ Ìbídùn kú sí. Nígbà tí onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀ lọ́dún 1993, wọn ò fẹ́ tú ká. Wọ́n para pọ̀ ra ilẹ̀, wọ́n sì bẹ Modúpẹ́, ọ̀dọ́bìnrin tó ń yàwòrán ilé nítòsí Post Office, pé kó bá wọn ya ilé tí àwọn méjèèjì máa gbé.

Modúpẹ́ kọ́kọ́ fi ògiri dá ilé náà sí méjì. Bilkisu wò ó, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé a jà?"

Modúpẹ́ pa ògiri náà rẹ́. Ó fi àgbàlá kan àti ilé ìdáná kan sáàárín, gbogbo ilẹ̀kùn sì kọjú síbẹ̀. Inú Bilkisu dùn. Ìbídùn kàn ní, "Ó dáa," ó sì ká ìwé àwòrán náà padà.

Bó ṣe sọ ọ́ kò tẹ́ Modúpẹ́ lọ́rùn. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá a nílé ìwé nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé.

"Mà, kí ni ẹ ò fẹ́ níbẹ̀?"

Ìbídùn ń nu pátákó, kò yíjú padà. "Látìgbà tí Bàbá Jọmílójú ti kú, bí mo bá ti yọjú síta báyìí, ẹnì kan á bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ míì, mo kàn fẹ́ jókòó, kí n ronú nípa ọkọ mi, kí ẹnikẹ́ni má pè mí. Tí mo bá sọ ọ́, Bilkisu á rò pé ó ti sú mi."

Modúpẹ́ tún un yà. Kò fọwọ́ kan àgbàlá àti ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ó yí ilẹ̀kùn Ìbídùn sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fi báráńdà kékeré kan sẹ́yìn yàrá rẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè tó.

Bilkisu tẹjú mọ́ ọn. "Ilẹ̀kùn yìí kẹ̀yìn sí wa."

Modúpẹ́ fẹ́ dáhùn, Ìbídùn fọwọ́ kàn án. "Èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Bilkisu fa àga rẹ̀ mọ́ ti Ìbídùn. "Màmá Jọmílójú, ẹ bá ti sọ fún mi. Tí àwọn ẹbí Àlàájì bá kún ilé, ṣé ẹ mọ̀ pé ilé ìwẹ̀ ni mo máa ń lọ tìlẹ̀kùn mọ́ra kí n lè sinmi?"

Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín, irú èyí tí wọn ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Modúpẹ́," Bilkisu ní, "wá báráńdà kan fún èmi náà."

Wọ́n kó wọlé ṣáájú ààwẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Modúpẹ́ yà kí wọn, ó bá Bilkisu lórí ẹní ní àgbàlá, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó béèrè Ìbídùn.

"Wọ́n wà lẹ́yìn," Bilkisu dáhùn. "Jókòó, jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ ná. Wọ́n á jáde tó bá wù wọ́n."

Wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Ìbídùn jáde wá, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Bilkisu kò bi í ní nǹkan kan. Ó kàn sún lórí ẹní kí Ìbídùn lè ráyè jókòó.